Bí mo ṣe gba alẹ́ mi padà lọ́wọ́ aṣọ ẹbí

Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀, gbogbo aṣọ ẹbí tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbà. Aago 2 òru á bá mi nídìí máṣíìnì, ọrùn á máa ro mí, títí mo fi gé ọwọ́ bùbá oníbàárà kúrú jù.

Ìwé kékeré kan ló yanjú ẹ̀. Aṣọ 6 péré ni mò ń kọ sí ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Àwọn méjì bínú lọ, ó sì dùn mí gan-an, ọ̀kan ti padà. Aago 7 alẹ́, mo ti pa jẹnẹrétọ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, èmi àti bàbá ilé kejì a máa ta ayò.