Bí a ṣe ń fi àlùbọ́sà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti omi ògì mọ oríṣi sẹ́ẹ̀lì

Ọjà Sábó ní Ìkòròdú ni mo ti ń ra ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń wá kàwé lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ nípa sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ bíńtín tó para pọ̀ di ara ohun abẹ̀mí: àlùbọ́sà kan àti ògì tútù. Máíkírósíkóòpù ló ṣòro díẹ̀. Ẹ yá èyí tó lè sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 400.

Ẹ la àlùbọ́sà, kí ẹ yọ ìpele kan. Awọ fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó ń dán bí ọ̀rá. Èékánná ni ẹ ó fi bó o. Ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ẹ kán àyódíìnì ojú ọgbẹ́ sí i (ó lè ṣòro láti fọ̀ kúrò lára aṣọ o), kí ẹ fi gíláàsì kékeré bò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ rẹ̀, róbótó tí etí rẹ̀ dúdú ni ẹ ó rí, àwọn ọmọ á sì máa pariwo pé àwọn ti rí sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì gangan tò bí búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò: ògiri yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kóró kan (núkílíọ́ọ̀sì) wà nínú rẹ̀.

Ẹ fi ìdí igi ìtayín tó mọ́ ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ fi pa gíláàsì mìíràn, ẹ kán àyódíìnì sí i. Kóró wà, ògiri kò sí. Ìdí nìyẹn tó fi rún bí aṣọ tí wọn ò lọ̀.

Omi ògì ló dùn jù. Ẹ kán ẹ̀kán omi kíkan orí rẹ̀ kan, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Àwọn tó rí bí ẹyin ni ìwúkàrà. Òmíràn ń rú ọmọ lára. Àwọn bíńtín tó dà bí igi ìṣáná tó ṣẹ́ ni bakitéríà tó ń mú ògì kan. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ máa ń tẹnu mọ́ ewéko àti ẹranko, ṣùgbọ́n ibí ni mo rò pé ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà: ìwúkàrà ní kóró bíi tèmi àti ti àlùbọ́sà, bakitéríà kò ní; DNA rẹ̀, ohun tó gbé àbùdá rẹ̀, kàn wà nínú omi ara rẹ̀ láìsí awọ tó yí i ká. Ojú ò lè rí ìyẹn ní ìlọ́po 400, ìwọ̀n wọn nìkan ló máa hàn.

Torí náà, ẹ yà wọ́n sórí ìwé. Bí bakitéríà bá gùn ní mìlímítà 1, kí ìwúkàrà jẹ́ bíi 3, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi 30. Ti àlùbọ́sà lè tó 150. Ẹ dá ìwé náà sí ìbú kí ó lè gbà á.