Bí mo ṣe bu omi la ásíìdì sọ́fúríìkì

Bí nǹkan bá ki jù, a máa ń ní kí á bu omi là á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ásíìdì sọ́fúríìkì tó ki lè fi ojú rẹ̀ ṣòfò, nítorí ásíìdì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì. Mílílítà 1 ásíìdì yìí wọn gíráàmù 1.84, nítorí náà omi tí a bá dà lé e yóò léfòó sórí rẹ̀, ooru tó ń jáde níbi tí wọ́n ti pàdé yóò sì mú kí omi díẹ̀ yẹn hó lójijì, yóò sì ta ásíìdì sókè.

Mílílítà 500 ni mo fẹ́ ṣe, kí agbára rẹ̀ jẹ́ móòlù 1 (ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń ka iye nǹkan) nínú lítà. Ti inú ìgò jẹ́ ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi móòlù 18.4 nínú lítà, nítorí náà mílílítà 27 ni mo wọ̀n. Mo wọ aṣọ làbù, ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú yíká, mo sì ṣiṣẹ́ náà lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa èéfín síta.

Mo da omi mílílítà 300 sínú bíkà, ìyẹn ife gíláàsì làbù, ná. Mo wá rọra da ásíìdì bíi mílílítà 5 gba ẹ̀gbẹ́ bíkà, mo ń fi ọ̀pá gíláàsì rò ó. Ó rì bí oyin, ó fa ìlà tín-ín-rín tó ń mì nínú omi kí ó tó pòórá, tẹmómítà sì gòkè láti 24°C sí 29°C. Mo gbé bíkà sínú abọ́ omi yìnyín títí ó fi sọ̀kalẹ̀ kí n tó da òmíràn sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ásíìdì náà fi tán.

Ìdúró yìí ni ó ṣòro jù. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú iṣẹ́ yìí, n kò dúró: ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo dà á sínú fúláásìkì, ìyẹn ìgò ọlọ́rùn gígùn tí ìlà mílílítà 500 wà lọ́rùn rẹ̀, tí mo sì fi omi kún un dé ojú ìlà. Nígbà tó tutù tán, ó ti fi nǹkan bí ìbú ìka kan lọ sílẹ̀ sí ìlà náà. Bí mo bá lò ó bẹ́ẹ̀, ó ti ki ju iye tí mo kọ sí i lára. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi í sílẹ̀ títí ara bíkà kò fi gbóná mọ́ rárá, mo dà á sínú fúláásìkì, mo fi omi díẹ̀ ṣan bíkà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, mo kún un dé ojú ìlà, mo dé e, mo sì ń yí i sókè-sódò kí ó lè pò dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi sódíọ̀mù kábónéètì díwọ̀n agbára rẹ̀ gan-an. Móòlù 0.99 ni ó jẹ́, iye yẹn ni mo sì kọ sára ìgò, pẹ̀lú orúkọ ásíìdì náà àti ọjọ́ tí mo ṣe é.