Bí Íàpíìsì Olówó Pọ́ọ́kú Ṣe Lè Pẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí kì í jẹ́ kí íàpíìsì olówó pọ́ọ́kú pẹ́ ni pé ẹ̀rọ tó ń mú ohùn jáde nínú rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n bí a bá tú èyí tó ti dákẹ́ wò, ohun tí a sábà máa ń bá ni pé ẹ̀rọ náà ṣì wà láàyè, wáyà ló já. Wáyà yìí kì í sì í ṣàdédé já níbi tó bá wù ú. Ibi mẹ́ta ló ti máa ń já jù: ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì, ìyẹn irin tí a ń kì bọ fóònù, ibi tí wáyà kan ti pín sí méjì kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gba etí tirẹ̀ lọ, àti ibi tí wáyà ti wọ inú orí tí a ń fi sétí. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun rírọ̀ ló pàdé ohun líle, ohun rírọ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ àwọn ibi wọ̀nyí lójoojúmọ́ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtọ́jú íàpíìsì.

Lábẹ́ rọ́bà tí a ń fojú rí, fọ́nrán bàbà ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí lọ. Wọ́n fi fáníìṣì bò wọ́n kí wọ́n má baà fara kanra, wọ́n sì sábà máa ń lọ́ wọn mọ́ òwú kan tó ń bá wọn gba ìyà fífà. Bàbà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbàkigbà tí a bá ṣẹ́ ẹ síbì kan náà, ojú ibẹ̀ á túbọ̀ le sí i, bí ó bá sì le tó, á sán, gẹ́gẹ́ bí ìdérí agolo tí a ń ṣẹ́ síwá sẹ́yìn títí tó fi já sí wa lọ́wọ́. Rọ́bà tó bò ó kì í bá a já, ìdí nìyí tí ojú kò fi ní rí nǹkan kan rárá nígbà tí inú ti bàjẹ́. Íàpíìsì tó ń sọ̀rọ̀ bí a bá di wáyà rẹ̀ mú lọ́nà kan, tó sì ń dákẹ́ bí a bá ti fi í sílẹ̀, fọ́nrán inú rẹ̀ ti já. Ẹnu méjèèjì ibi tó já ló kàn ń kan ara wọn nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe di wáyà mú kí ẹ fi fa púlọ́ọ̀gì yọ. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di ara líle púlọ́ọ̀gì náà mú, kí ọwọ́ kejì di fóònù mú, kí ẹ sì fà á jáde tààrà láìtẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ó bá jẹ́ onírin róbótó, ẹ lè máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ, irú Type-C, kò gbọdọ̀ yí rárá, nítorí pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò fóònù gan-an lè bá a lọ. Bákan náà ni ti etí: orí íàpíìsì ni kí ẹ dì mú yọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa la mọ àṣà kí ènìyàn kàn ja wáyà méjèèjì sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹnìkan bá pè é. Kò sí ohun tó ń tètè pa ọrùn orí íàpíìsì tó bẹ́ẹ̀.

Inú àpò aṣọ ni ìyà ti ń jẹ púlọ́ọ̀gì jù. Bí ihò íàpíìsì bá wà nísàlẹ̀ fóònù, tí a sì ki fóònù náà bọ àpò ní ìdúró, ìwúwo fóònù á máa tẹ ọrùn púlọ́ọ̀gì mọ́ ìdí àpò, gbogbo ìgbésẹ̀ tí a bá sì gbé ni yóò máa ṣẹ́ ẹ. Ẹ dorí fóònù náà kodò kí ihò rẹ̀ lè wà lókè, kí wáyà sì gba ẹnu àpò jáde láìlọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ mú un jáde, pàápàá bí ó bá jẹ́ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ẹ jẹ́ kí wáyà dẹ̀ díẹ̀ láàárín fóònù àti etí kí ó má baà máa nà tan-tan nígbà tí ẹ bá yí orí padà, kí ẹ sì gba abẹ́ ẹ̀wù mú un kọjá bí ẹ bá ń rìn láàárín èrò, nítorí pé wáyà tó ń fì kì í pẹ́ há sí ọwọ́ ìlẹ̀kùn tàbí okùn báàgì ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí a ń gbà ká wáyà tún ṣe pàtàkì. Èyí tó burú jù ni kí a wé e mọ́ ara fóònù nígbà tí púlọ́ọ̀gì ṣì wà nínú ihò, torí pé ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì gan-an ni a kọ́kọ́ ṣẹ́, ibì kan náà tí a ṣẹ́ lánàá ni a ó sì tún ṣẹ́ lọ́la. Kí a rún un bọ àpò bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ; yóò di kókó, a ó sì máa fi ìkánjú fa kókó náà tú. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ na ìka ìfábẹ̀lá àti ọmọńdinrín, kí ẹ ká ìka méjì àárín sínú àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì fi wọ́n di orí íàpíìsì méjèèjì mú. Ẹ gbé wáyà gba ẹ̀yìn ìka ìfábẹ̀lá, kí ó dábùú iwájú ọwọ́ bọ́ sí ẹ̀yìn ọmọńdinrín, kí ó tún dábùú padà, tí yóò fi máa ya nọ́ńbà 8 lórí ìka méjèèjì. Bí a bá ká wáyà ní róbótó lásán, gbogbo ìgbà tí a bá yí i po ni a ń lọ́ ọ sí apá kan náà, ṣùgbọ́n nínú kíká onínọ́ńbà 8, apá kan ń tú ohun tí apá kejì lọ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dì nígbà tí a bá tú u sílẹ̀. Ẹ má ṣe fà á le. Ẹ fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ lẹ́yìn púlọ́ọ̀gì láìká, kí ẹ má sì fi rọ́bà líle so ó pọ̀. Agolo kékeré tàbí páálí líle tí ọwọ́ lè bò ni ilé tó yẹ ẹ́, kì í ṣe inú báàgì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ìwé tó wúwo.

Ọjọ́ tí a bá ra íàpíìsì ló yẹ kí a fún ọrùn púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lágbára, kí nǹkan kan tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yọ sípíríìǹgì inú bírò, wọ́n á yí i wọ ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì náà kí ìdajì rẹ̀ wà lórí ara líle, kí ìdajì kejì sì wà lórí wáyà. Ó ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnu sípíríìǹgì mú, ó sì lè máa gé rọ́bà wáyà bí a kò bá fi nǹkan bò ó. Èyí tí mo fara mọ́ ju èyíkéyìí lọ ni ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò nínú tó máa ń sún kì nígbà tí ooru bá kàn án, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò. Ẹ gé méjì: èyí tó kúrú àti èyí tó gùn tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ kọ́kọ́ ki èyí tó kúrú bọ ọrùn púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fún un ní ooru títí yóò fi dì mọ́ ọn pinpin, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi èyí tó gùn bò ó, tí yóò sì kọjá rẹ̀ sórí wáyà. Bí ẹ bá ń lo iná, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ gbé e bọ̀, nítorí pé rọ́bà wáyà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ yọ́.

Ìdí tí mo fi ní kí ó jẹ́ méjì ni pé ète wa kọ́ ni kí ọrùn náà má tẹ̀ mọ́. Bí a bá sọ ibẹ̀ di igi gbígbẹ, a kàn sún ibi tí yóò ti já síwájú ni, torí pé ibi tí líle bá parí sí ni ṣíṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń wá ni kí líle máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láti púlọ́ọ̀gì dé wáyà, kí títẹ̀ lè pín káàkiri ibi tó gùn dípò kí ó kó jọ sójú kan. Téèpù dúdú ti àwọn oníná lè di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú un, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́ jáde, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti aṣọ.

Òógùn àti ìdọ̀tí etí ni ọ̀tá kejì. Bí ohùn etí kan bá lọ sílẹ̀ ju ti èkejì lọ, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdọ̀tí ti dí ojú àwọ̀n kékeré tí ohùn ń gbà jáde. Ẹ yọ rọ́bà etí kúrò, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Ní ti àwọ̀n náà, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ tó sì gbẹ máa gbọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀, kí ohun tó bá ṣí kúrò lè jábọ́ síta dípò kí ó wọlé. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ láé, nítorí pé awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n láti mú ohùn jáde kò jìnnà sẹ́yìn àwọ̀n yẹn, kò sì sí àtúnṣe fún èyí tó bá lu. Òòfà tún wà nínú orí kọ̀ọ̀kan, tó lè fa ẹ̀rún irin kéékèèké mọ́ra, ohun tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé irin gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ẹ nù ún, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó tún lò ó. Ẹ má ṣe sá a sínú oòrùn, nítorí pé oòrùn máa ń sọ rọ́bà wáyà di gbígbẹ tó ń sán.

Ẹ tún máa fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì díẹ̀ nu irin púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń há tàbí tó ń hó gèè nígbà tí ẹ bá yí i nínú ihò, ó lè jẹ́ pé eruku àti fọ́nrán òwú ara aṣọ ló kún inú ihò fóònù. Ẹ pa fóònù náà, kí ẹ fi igi ìtayín tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìfi irin kankan kàn án.

Ohùn tó ga jù náà ń ba ẹ̀rọ kékeré jẹ́. Bí ẹ bá ti gbọ́ tí ìlù inú orin bẹ̀rẹ̀ sí í ha, ẹ dín in kù lójú ẹsẹ̀. Etí fúnra rẹ̀ ni ó sì yẹ kí a bẹ̀rù jù, nítorí pé ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà kò ju 80 dB (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) lọ fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bí etí kan bá wá dákẹ́ pátápátá, ẹ kọ́kọ́ fi íàpíìsì náà sí fóònù mìíràn kí ẹ lè mọ̀ bóyá fóònù ló fa á. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, kí ẹ sì máa fi ìka méjì tẹ wáyà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Ibi tí ohùn bá ti dé tó sì lọ ni ó ti já. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ gé wáyà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 sókè ibi tó já, kí ẹ ra púlọ́ọ̀gì tuntun tó ṣeé tú, kí ẹ sì kọ́kọ́ ti ìdérí rẹ̀ bọ wáyà kí ẹ tó fi òjé, irin rírọ̀ tí ooru ń yọ́, jó ohunkóhun pọ̀, torí pé ìdérí kì í ṣeé kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Fọ́nrán pupa sábà máa ń jẹ́ ti etí ọ̀tún, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ojú ọ̀run ti òsì, èyí tó ní àwọ̀ bàbà sì jẹ́ ti gbogbogbòò, ìyẹn èyí tí etí méjèèjì jọ ń lò; ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e, nítorí náà, ẹ sun fáníìṣì ẹnu fọ́nrán kúrò ná, kí ẹ fi kan ojú irin dán an wò kí ẹ tó jó o pa. Fáníìṣì ara fọ́nrán kì í jẹ́ kí òjé mú un. Irin gbígbóná àti òjé díẹ̀ ni kí ẹ fi sun ún kúrò ní ẹnu fọ́nrán títí yóò fi máa dán. Èyí tó bá ní máíkì ń fẹ́ púlọ́ọ̀gì tí irin rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin: lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ ti òsì, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọ̀tún, ẹ̀kẹta ti gbogbogbòò, èyí tó wà nídìí pátápátá sì jẹ́ ti máíkì.

Bí ó bá jẹ́ inú orí ló ti já, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ orí náà pa, èmi kì í dá a lábàá pé kí a fi ọ̀bẹ là á, nítorí pé orí náà sábà máa ń fọ́ kí a tó dé ibi tí wáyà wà. Ẹ yọ rọ́bà etí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́ fún íàpíìsì tí ẹ ó rà, nítorí pé rọ́bà ló máa ń kọ́kọ́ sọnù lára tuntun.