Ẹ ka ìlù ọkàn ẹṣin kí ẹ tó pe dókítà ẹran

Bí ẹṣin bá ń fẹsẹ̀ walẹ̀, tó ń bojú wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, tí kò fẹnu kan koríko, inú ló ń run ún: ẹ ka ìlù ọkàn rẹ̀ kí ẹ tó pe dókítà. Ẹ fi ìka méjì wá iṣan tó dà bí okùn lábẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ (ẹ má lo àtàńpàkò, ìlù tirẹ̀ á da kíkà yín rú), ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Ẹṣin àgbà tó sinmi máa ń wà láàárín 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ju 60 lọ, ìrora ti le, dókítà gbọ́dọ̀ máa bọ̀ kíákíá. Ẹ tẹ èrìgì rẹ̀ náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Kí àwọ̀ rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Nọ́ńbà ìlù ọkàn yìí ni dókítà fi ń mọ ẹṣin tí yóò kọ́kọ́ sáré lọ bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un ní abẹ́rẹ́ apàrora láìbéèrè, ó ń bo àmì mọ́lẹ̀. Ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré, bíi ti Ojúde Ọba, ìlù ọkàn rẹ̀ á ga fúngbà díẹ̀. Ti ọmọ ẹṣin sì máa ń yára ju ti àgbà lọ. Èyí tó bá ti ń yí gbiri nílẹ̀, ẹ má kà á rárá, ẹ pe dókítà.