Ìrírí mi: lẹ́tà kan ṣoṣo gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi

₦12,000 ni mo rò pé ìwádìí yìí máa ná mi. Owó ọkọ̀ Tánkè sí Post Office nìkan ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan kan fún mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò le: kí n bi òṣìṣẹ́ 15 ní ọ́fíìsì kan n'Ílọrin bí wọ́n ṣe ń tọ́jú password wọn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe tí ẹni tí wọn ò mọ̀ bá pè wọ́n pé kí wọ́n ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tó wọlé sórí fóònù wọn, fún òun. Ìbéèrè kíkọ, kí yunifásítì gbà á wọlé, ìyẹn ò pẹ́ rárá.

Lẹ́tà àṣẹ ló fojú mi rí màbo. Mo lọ lẹ́ẹ̀kíní, sẹ́kítírì ní ọ̀gá wà ní mítìn-ín. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá ti lọ sí Àbújá. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò rí lẹ́tà mọ́, kí n tẹ òmíràn wá. Ibi tí mo ti ń tọrọ gáfárà ni mo ti rí i lábẹ́ ife tíì sẹ́kítírì, ìdí ife ti ya òrùka pupa sórí orúkọ mi.

Nígbà tí mo wá rí ọ̀gá, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àbí Yahoo lo fẹ́ ṣe fún wa?" Mo ní, "Rárá o, sà." Ó ní ó dáa, òun máa fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ń fi password ṣeré fún òun. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Tí mo bá ń kó orúkọ wọn wá fún yín, ta ló máa bá mi sọ òótọ́?" Ó yẹ kí n panu mọ́ níbẹ̀. Mo tún lọ dárúkọ òfin ìdáàbòbò détà ti 2023! Kíá ló ní kí lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Alhaja kan ní ẹ̀ka owó ló gbà mí. "Ọmọ mi, wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun." Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ni ọ̀gá dúró sí tó fi buwọ́ lù ú, kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ọjọ́ méjì ni mo fi bá àwọn 15 sọ̀rọ̀ tán, nọ́ńbà ni mo kọ dípò orúkọ wọn, kò sí ẹni tó kọ̀. (Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.) Alhaja fúnra wọn dojú keyboard wọn délẹ̀: bébà kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, orúkọ kan náà pẹ̀lú 1 títí dé 14, wọ́n ti fa ìlà pa mẹ́tàlá àkọ́kọ́. "Oṣooṣù ni wọ́n ń ní ká pààrọ̀ ẹ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà lorí mi ni?" Bẹ́ẹ̀ láti 2017 ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ààbò kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ti ní kí wọ́n yé fi dandan pààrọ̀ ẹ̀ lóòrèkóòrè, àfi tí àmì bá wà pé ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n. Òfin ọ́fíìsì ló bí bébà yẹn, orúkọ Alhaja sì ni ìbá ṣíwájú lórí ìwé ọ̀gá.

Tó bá jẹ́ èmi ni màá tún un ṣe, lẹ́tà ni màá kọ́kọ́ gbé lọ kí n tó kọ ìbéèrè kankan. Màá ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi lójú ẹsẹ̀. Mi ò sì ní dárúkọ òfin fún ọ̀gá tí kò tíì ní kí n jókòó.

Ọ̀gá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ti ka ìwé ìwádìí mi, iṣẹ́ gidi ni. Ló bá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ta tiẹ̀ ni Òṣìṣẹ́ 7 yìí?"