Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ kíìtì Tiger Moth di Queen Bee, bàlúù tí ò ní páílọ́ọ̀tì

Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́: tó bá jẹ́ kíìtì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa tò nìyí, ìyẹn bàlúù kékeré oníke téèyàn máa ń tò pọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ to Tiger Moth yẹn, bàlúù àtijọ́ kan, bó ṣe wà nínú páálí, kẹ́ ẹ ra òmíì kẹ́ ẹ tó máa gé nǹkan kan. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi sì rí i.

Ọdún 1935 ni Queen Bee jáde ní Ìlú Ọba, apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀, òun làwọn sójà ń yìnbọn sí kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń já bàlúù ọ̀tá. Rédíò ni wọ́n fi ń darí ẹ̀ láti ilẹ̀, nǹkan tí wọ́n sì ń yí jọ ojú tẹlifóònù àtijọ́ tá a máa ń kìka bọ̀. Apá ẹ̀ jẹ́ ti Tiger Moth, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ jẹ́ ti Moth Major, bàlúù míì tó jẹ́ onígi, torí tó bá já sómi ó máa léfòó, wọ́n á sì lọ wọ́ ọ wálé. Ẹ ti rí i pé apá ò ní yọ yín lẹ́nu, ara ló níṣẹ́.

Kíìtì 1/72 ni tèmi, ìyẹn ni pé bàlúù gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 72, apá ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 12 àti díẹ̀ lọ. Irin ni egungun Tiger Moth, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, ìyẹn lẹ ṣe ń rí ìlà-ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, igi ò sì nírú ìlà yẹn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ẹ bèèrè sáńdípépà nọ́ńbà 1000, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kẹ́ ẹ rọra máa fi gbo ó títí á fi dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi tí wọ́n fi ń pa kúté èékánná rẹ́ nù ún o! Mo fi nu apá kan, ó yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

Ihò méjì ló wà fún èèyàn. Ẹ fi àga síwájú, torí páílọ́ọ̀tì ṣì máa ń wọ̀ ọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíì. Ẹ yọ ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ gé káàdì ATM àtijọ́ ṣe àpótí kéékèèké síbẹ̀, rédíò nìyẹn. Gọ́ọ̀mù kíìtì ò lè mú káàdì o, súpà gúlù ni.

Wáyà àárín apá ló máa ń lé èèyàn sá. Nálọ́ọ̀nù àwọn apẹja Ẹ̀bútè ni mo kọ́kọ́ lò, ó wá dà bí okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Férémù ike tí wọ́n so àwọn pààtì mọ́, ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ yí i lórí iná àbẹ́là títí á fi rọ̀, ẹ gbé e kúrò lórí iná kẹ́ ẹ tó fà á ní ìfà kan ṣoṣo, á tín-ín-rín bí irun.

Ọ̀dà fàdákà ni kẹ́ ẹ fín, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ tójò bá ṣú, á hu funfun-funfun bí ara tí ò rí ìpara.

Fáànù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, abẹ́ mẹ́rin, atẹ́gùn ló ń yí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, torí ọwọ́ á ṣáà máa kọ lù ú. Tèmi ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta ló wà lára ẹ̀ báyìí.