Bí mo ṣe ya ẹ̀wù irin Dúúkì Urbino

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ya ẹ̀dà àwòrán Francesco Maria della Rovere, Dúúkì, ìyẹn alákòóso, ìlú Urbino ní Ítálì, tí ayàwòrán Titian yà láàárín 1536 sí 1538. Ojúlówó rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Uffizi ní Florence. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi rúlà pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, mo sì fa irú ìlà kan náà sórí káńfáàsì. Titian náà ṣe bẹ́ẹ̀: àwòrán oníyíǹkì tó kọ́kọ́ yà ṣì wà ní Uffizi tòun ti ìlà lára, Dúúkì sì dúró níbẹ̀ látorí délẹ̀. Nínú èyí tó parí, Titian gé ẹsẹ̀ kúrò, àyà onírin náà wá kún ojú ẹni.

Mo po dúdú mọ́ funfun, mo fi kun ẹ̀wù irin náà. Ó dà bíi páànù òrùlé. Mo tún bébà náà wò fún ọjọ́ méjì kí n tó rí i pé dúdú ló pọ̀ jù lára irin yẹn, àti pé àrán pupa ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn lára rẹ̀. Mo ha á kúrò, mo kun dúdú tó pọ́n díẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wá fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì fa funfun kan sí èjìká. Ìlà kan péré, irin dé! Ẹ̀wù náà jẹ́ ti Dúúkì gan-an. Ó fi ránṣẹ́ sí Titian ní Venice kó lè wò ó yà.

Apá tó di ọ̀pá àṣẹ mú yọ síwá bíi pé ó fẹ́ jáde sí ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á rẹ́. Apá tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni máa ń kúrú lójú, ọwọ́ mi sì ń fẹ́ yà á gùn.

Venice ló fún un ní ọ̀pá yẹn, torí òun ni olórí ogun wọn. Ọ̀pá ti Póòpù àti ti Florence, tó ti jagun fún rí, wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka igi óákù. Rovere ni wọ́n ń pe óákù ní Ítálì, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì nìyẹn. Mo ti fi gbogbo wọn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá, ṣùgbọ́n jagunjagun kan ṣáá ló kù lórí káńfáàsì. Oríkì rẹ̀ ni mo gé kúrò. Mo padà yà wọ́n pátá.

Ojú ni mo fi kẹ́yìn. Àṣíborí tí dírágónì wà lórí rẹ̀ wà lẹ́yìn; orí Dúúkì kò bò, kí a lè mọ ẹni tó wà nínú irin. Ojú òsì kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Màá tún un kùn tí ọ̀dà bá gbẹ.